Bí ẹja tí àwọn ọmọ dá padà sómi ṣe máa yè

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mò ń gbé. Mo ní ìbejì ọmọ ọdún 7, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin sì jẹ́ ọmọ ọdún 11. Nígbà ìsinmi Àjíǹde, mo kó wọn lọ fi ìwọ̀ pẹja ní adágún ọ̀rẹ́ mi kan. Wọ́n mú epìyà kéékèèké mélòó kan, a sì fẹ́ dá wọn padà. Ọ̀kan gbé ìwọ̀ mì. A fà á títí ẹnu rẹ̀ fi ya, nígbà tí a sì jù ú sómi, ikùn rẹ̀ ló kọ sókè. Kẹ́yìndé sunkún délé. Ìyá mi ní kò yẹ ká máa dá ẹja padà rárá, pé àṣà òyìnbó ni. Báwo la ṣe lè yọ ìwọ̀ lẹ́nu ẹja kó má kú, kó má sì ṣe àwọn ọmọ léṣe? Ọ̀rẹ́ mi ti ní ká tún máa bọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí.

Ìdáhùn: Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ bá mi kí Kẹ́yìndé, ẹ sọ fún un pé ẹkún ọmọ tó lójú àánú ló sun. Ohun tó ṣe ẹja yẹn kò bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹ ti ń fa ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Láti ilé ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ẹ ti so ìwọ̀ mọ́ okùn. Òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun. Ẹja tí èèyàn bá fẹ́ dá padà, kí ìwọ̀ tó kan omi ló ti yẹ kó mọ bí yóò ṣe yọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ọ̀rọ̀ Màmá, nítorí àgbà ni wọ́n, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá lọ pẹja, ọbẹ̀ ló ń wá. Ṣùgbọ́n pé ká rí ẹja ká má pa á, kì í ṣe òyìnbó ló kọ́ wa. Nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kọ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá ayé lọ́dún 2005, ẹnikẹ́ni kì í pẹja odò yẹn, bẹ́ẹ̀ sì ni láti ilẹ̀ Èkìtì wa níbí ni odò Ọ̀ṣun ti ṣàn lọ síbẹ̀. Apẹja tó mọṣẹ́ náà, bí ọmọ ẹja bá bá àgbà wọnú àwọ̀n, á dá ọmọ padà kó lè dàgbà. Ibi tí mo ti gbè sẹ́yìn Màmá pátápátá ni èyí: ẹja tí kò ní yè, ẹ má dá a padà. Kí a ju ẹja tó ti ń ṣẹ̀jẹ̀ sómi kí ọmọ lè rò pé a ṣàánú rẹ̀, ìfiṣòfò ni, irọ́ ni a sì ń pa fún ọmọ. Kí ẹ tó kúrò nílé, kí gbogbo yín ti jọ fẹnu kò lórí èyí tí ẹ máa dá padà àti èyí tó máa di ọbẹ̀. Bí ọmọ bá ti mọ̀ pé èyí tó bá fara gbọgbẹ́ ń bá wa lọ sílé ni, kì í sunkún bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ó kan ìwọ̀. Ẹ mú ọ̀kan nínú èyí tí ẹ lò, ẹ gbé e sínú ìmọ́lẹ̀, ẹ wo ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn ṣóńṣó rẹ̀, ẹ ó rí ẹ̀gún kékeré kan tó kọjú sẹ́yìn. Ẹ̀gún yẹn ni kì í jẹ́ kí ìwọ̀ jáde bó bá ti wọlé, òun ló sì ya ẹnu epìyà yín. Ẹ fi pìláyà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó lẹ̀ mọ́ ara ìwọ̀ pẹ́kípẹ́kí. Lẹ́yìn náà, ẹ gún ìwọ̀ náà bọ inú òwú, kí ẹ fà á jáde. Bó bá fa òwú tẹ̀ lé ara rẹ̀, ẹ tún un tẹ̀. Bó bá jáde wẹ́rẹ́, ó ti tó. Àwọn kan á ní ẹja á máa bọ́. Òótọ́ ni, díẹ̀ á bọ́, àmọ́ bí ọmọ bá ń mú okùn le títí ẹja fi dé etí omi, èyí tó máa bọ́ kò pọ̀. Ẹ tún rò ó wò pé ìwọ̀ kan náà yìí lè wọ ọmọ níka. Nítorí ọmọ gan-an ni mo ṣe ń tẹnu mọ́ ọn ju nítorí ẹja lọ.

Fún epìyà tó tó àtẹ́lẹwọ́, nọ́ńbà 8 tàbí 10 tó. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ni ìwọ̀ ń kéré, ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà ta èyí tó kéré jù fún yín, torí ìwọ̀ tíntìntín ni ẹja máa ń gbé mì jù. Bí ó bá jẹ́ ẹja àrọ̀ ló pọ̀ nínú adágún yẹn, ẹ wá ìwọ̀ tí ẹnu rẹ̀ yí po wọnú, èyí tí ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sí ọ̀pá ara rẹ̀. Àrọ̀ kì í tọ́ ìdẹ wò bí epìyà, ńṣe ló máa ń gbé e mì lódindi. Ìwọ̀ tó yí po máa ń yọ́ jáde láti ọ̀fun, á wá kọ́ igun ẹnu. Àmọ́ a kì í já a gbà lójijì o. Kí ọmọ kàn máa fa okùn le díẹ̀díẹ̀ ni, ìwọ̀ á kọ́ra fúnra rẹ̀. Irin lásán ni kí ẹ rà, kì í ṣe irin tí kì í dípẹtà, mo máa sọ ìdí rẹ̀ níwájú. Ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta, ẹ fi í sílẹ̀ fún àgbà.

Ohun kejì tó ń jẹ́ kí ẹja gbé ìwọ̀ mì ni ọ̀pá tí ọmọ fi ti igi tó sì bá eré lọ. Ẹja ti ń jẹ ìdẹ, kò sẹ́ni tó rí i. Nítorí náà, ọ̀pá kan ṣoṣo ni kí ẹ gbé fún ìbejì méjèèjì. Bí Táyé bá di ọ̀pá mú, Kẹ́yìndé á di àwọ̀n ọlọ́wọ́ mú, bí ẹja kan bá ti jáde wọ́n á pààrọ̀ ara wọn. Ọ̀pá méjì lọ́wọ́ ọmọ ọdún méje méjì, ìwọ̀ méjì ló ń fò lójú ọ̀run yẹn, ojú òbí sì jẹ́ méjì péré. Ẹ so ìléfòó mọ́ okùn kí wọ́n lè ní ohun tí wọ́n ń wò. Bó bá ti rì tàbí tó ń sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n gbé ọ̀pá sókè kíá; àmọ́ bó bá jẹ́ ìwọ̀ tó yí po, kí wọ́n kàn máa fa okùn le díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹja tí wọ́n bá tètè gbé, ètè ni ìwọ̀ á ti kọ́ ọ.

Kí ìdẹ tó wọ omi, kí àwọn nǹkan wọ̀nyí ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín: pìláyà ẹlẹ́nu tẹ́ẹ́rẹ́ irú èyí tí àwọn rewáyà ń lò, àlùmọ́gàjí tó mú, báàfù tí omi adágún wà nínú rẹ̀, àwọ̀n ọlọ́wọ́ tó rọ̀, èyí tí kò ní kókó okùn gbígbẹ tó ń ha ìpẹ́ ẹja. Bí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò, kí fóònù ti wà ní ṣíṣí. Ọ̀pọ̀ ẹja ló ń kú níbi tí bàbá ti ń wá fóònù lápò.

Ẹja ti dé báyìí. Ẹ má fi okùn gbé e sókè kó máa jà lófuurufú, ẹ jẹ́ kí ọmọ tó di àwọ̀n mú ti àwọ̀n bọ abẹ́ rẹ̀ nínú omi. Ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀, nínú àwọ̀n, nínú omi. Ẹ ri ọwọ́ yín méjèèjì sómi. Ohun yíyọ̀ tó bo ara ẹja yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí, òun ni kì í jẹ́ kí kòkòrò àrùn ráyè wọ ara rẹ̀. Ọwọ́ gbígbẹ àti aṣọ gbígbẹ ló ń nù ún kúrò. Bí ẹja bá lọ, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í funfun nígbà tó bá yá, ẹ ò sì ní sí níbẹ̀ láti rí i. Ẹ má sì tẹ́ ẹ sórí òkúta. Òkúta wa tó ti yá oòrùn ní Ìkẹ́rẹ́ yẹn, ẹsẹ̀ èèyàn gan-an kì í gbà á.

Epìyà ní ẹ̀gún lórí ẹ̀yìn, wọ́n sì máa ń dìde bí ẹ̀rù bá bà á. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ tútù lé orí rẹ̀, ẹ fi ra ẹ̀yìn rẹ̀ lọ síhà ìrù, gbogbo ẹ̀gún á tẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ yín. Ẹ wá rọra dì í mú. Bí ẹ bá fún un ní ikùn, inú rẹ̀ lẹ ń fọ́ yẹn. Ìka kankan kò gbọ̀dọ̀ wọ ihò tó fi ń mí lẹ́yìn ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ dẹ okùn kó má le mọ́. Ẹ wo ibi tí ìwọ̀ gbà wọlé, ẹ fi ẹnu pìláyà mú ọ̀pá ìwọ̀ níbi tó ti fẹ́ tẹ̀ kọ́rọ́, ẹ tì í padà gba ọ̀nà tó gbà wọlé, kí ẹ sì yí ọrùn ọwọ́ díẹ̀ kí ṣóńṣó rẹ̀ lè kọjú síta. A kì í fà á sọ́dọ̀ ara wa. Títì la ń tì í, yíyí la ń yí i. Bí ẹ bá ti tẹ ẹ̀gún ìwọ̀ náà mọ́lẹ̀ nílé, ẹ ò ní mọ ìgbà tó jáde. Ẹ̀gbọ́n wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún 11 lè ṣe é bí ẹ bá kọ́kọ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kí àwọn ìbejì ṣì máa wò ó ná.

Ohun tí àwọn ìbejì lè ṣe, tí mo sì fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, nìyí. Bí ẹja bá ti kúrò nínú omi, kí Táyé àti Kẹ́yìndé dá èémí wọn dúró. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti ní láti mí, ẹja náà ní láti mí, ẹ dá a padà sómi lójú ẹsẹ̀, ẹ̀ báà má tíì yọ ìwọ̀, ẹ̀ báà má tíì ya fọ́tò. Ìṣẹ́jú àáyá 10 ló dáa jù, kò sì yẹ kó ju 30 lọ. Ẹ̀kọ́ yìí máa ń wọ ọmọ lára ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ, torí àyà tirẹ̀ ló ń fún un. Tútù náà la sì ń ká ẹja.

Bó bá wá gbé ìwọ̀ mì ńkọ́, bí ti ọjọ́ yẹn? Ẹ la ẹnu rẹ̀ wò. Bí ẹ ò bá rí ìwọ̀, tàbí tó jẹ́ okùn nìkan lẹ rí tó wọ ọ̀fun lọ, ẹ má wá a. Ẹ mú àlùmọ́gàjí, ẹ gé okùn níbi tó súnmọ́ ẹnu rẹ̀ jù lọ, kí ẹ jẹ́ kó máa lọ pẹ̀lú ìwọ̀ nínú. Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu, àmọ́ àwọn tó ti fi ẹja méjèèjì wé ara wọn rí i pé èyí tí wọ́n gé okùn rẹ̀ ń yè ju èyí tí wọ́n họ ọ̀fun rẹ̀ wá ìwọ̀ lọ. Ìdí tí mo ṣe ní kí ẹ ra irin lásán nìyẹn: á dípẹtà, á jẹra, ẹja á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń dà láti ihò tó fi ń mí, ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹja yẹn kò ní yè. Ẹ fi kùmọ̀ kékeré lù ú lórí, lókè ojú méjèèjì, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú agbára, kó má baà máa jà lórí ilẹ̀ títí yóò fi kú. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe fún àwọn ọmọ kí ẹ tó ṣe é. Èyí tí kò bá fẹ́ wò lè kọjú sẹ́yìn.

Dídá padà náà kì í ṣe jíjù. Ẹja tí a jù láti orí bèbè dà bí ẹni tó já lulẹ̀ lórí àjà. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kan gbé ikùn rẹ̀ nínú omi, kí ẹ̀yìn rẹ̀ wà lókè, kí ẹ sì dúró. Ẹ má máa tì í síwá-sẹ́yìn bí àwọn kan ti ń ṣe, omi tó ń gba ẹ̀yìn wọlé kò ràn án lọ́wọ́. Ẹ kàn máa wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń ṣí tó ń pa dé. Nígbà tó bá lágbára, òun fúnra rẹ̀ á fi ìrù gbá ọwọ́ yín. Ibi tí mo ti máa ń gbọ́ tí àwọn ọmọ ń pariwo ayọ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá dì í mú fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tó sì ṣì ń dorí kodò, ẹ fi kún àwọn tó máa di ọbẹ̀ nínú báàfù.

Nǹkan kan tún wà nípa epìyà tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ yín mọ̀. Irú epìyà tó pọ̀ jù nínú adágún wa, abo rẹ̀ máa ń kó ẹyin rẹ̀ sẹ́nu títí wọ́n fi pa, bí ewu bá sì dé, àwọn ọmọ á tún sá padà sẹ́nu ìyá wọn. Bí ẹ bá gbé ọ̀kan tí ẹ rí i tó ń pọ ohun kéékèèké aláwọ̀ ìyeyè sínú àwọ̀n, ẹyin rẹ̀ nìyẹn. Ìyá ọmọ ni. Kí ohun gbogbo dúró, ẹ yọ ìwọ̀ lábẹ́ omi, ẹ jẹ́ kó lọ níbi tí ẹ ti mú un gan-an. Kẹ́yìndé máa fẹ́ gbọ́ èyí.

Ní ti àrọ̀, kíkúrò nínú omi kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìṣòro rẹ̀, ó lè mí afẹ́fẹ́ òde bí ara rẹ̀ bá ṣì tutù. Ìṣòro rẹ̀ ni ẹ̀gún méjì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, tó ní eyín bí ti ayùn. Ẹ gba abẹ́ mú un, kí ìka yín wà lẹ́yìn ẹ̀gún méjèèjì, kì í ṣe níwájú wọn. Òbòkún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ní ẹ̀gún lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó máa ń na wọn gan-n-gan bí ẹ bá mú un, wọn kì í sì í tẹ̀. Ọmọ kankan kò gbọ̀dọ̀ fọwọ́ kàn án. Bí irú ẹ̀gún bẹ́ẹ̀ bá gún èèyàn tó sì ń ta á kíkankíkan, kí àgbà fi ọwọ́ tirẹ̀ tọ́ omi gbígbóná wò, kó rí i pé ara lè gbà á, kí wọ́n wá ri ibi tó gún sínú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán. Ìgbóná yẹn ló ń pa oró rẹ̀. Kí wọ́n tún fọ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ. Bí ó bá sì jẹ́ òjíjí ló jáde, ẹja tó ń gbéni bí iná mànàmáná, kí gbogbo èèyàn sún sẹ́yìn. Kí àgbà fi ọ̀bẹ tí èèkù rẹ̀ jẹ́ igi gbígbẹ gé okùn, kó jẹ́ kó já sómi. Kò sí ẹni tó ń yọ ìwọ̀ lẹ́nu òjíjí níwájú ọmọ.

Ẹja tí ẹ bá mú nínú adágún ọ̀rẹ́ yín, adágún yẹn náà ni kó padà sí. Ẹ má fi kẹ̀kẹ́ gbé e lọ dá sódò nítorí àánú, ẹja ọ̀sìn máa ń ru àrùn àti ẹ̀jẹ̀ ìran tí kì í ṣe ti odò lọ bá àwọn ẹja tó ti wà níbẹ̀.

Ti ẹ̀ẹ̀rùn tí ọ̀rẹ́ yín ń pè yín sí yìí, ìgbà tó le jù fún ẹja ni. Lítà omi kan tó wà ní 20°C lè gba bíi mílígíráàmù 9 ọ́síjìn tí ẹja ń mí, tó bá dé 30°C kò ju bíi 7.5 lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ara tó gbóná ń béèrè púpọ̀ sí i. Ẹ má lọ ní ọ̀sán. Ẹ má sì lọ ní àfẹ̀mọ́júmọ́ bí omi adágún náà bá láwọ̀ ewé, nítorí àwọn ewé inú omi ti fa ọ́síjìn náà mu mọ́jú. Láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá àárọ̀ ló dára. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ tí ẹ rí ẹja tó ń na ẹnu sókè omi, ẹ má sọ ìwọ̀ rárá, ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ yín kó tètè da omi tuntun sínú adágún.

Bí ẹ bá ń rò ó láti kó wọn lọ sí dáàmù Ẹ̀gbẹ́ tàbí ti Ìkún lọ́jọ́ mìíràn, ẹ kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ọ, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Kí wọ́n dúró lórí ilẹ̀. Omi tí kò sáré, tí ìgbín kéékèèké wà létí rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó àtọ̀sí ajá.

Bí ìwọ̀ bá wá wọ ọmọ lára: bó bá jẹ́ ojú ni, tàbí ìtòsí ojú, ẹ má fọwọ́ kan ìwọ̀ yẹn, ẹ má fà á, ẹ gé okùn rẹ̀, ẹ fi ife mímọ́ bo ojú náà láìtẹ̀ ẹ́, kí ẹ máa lọ sí Adó, sí ọsibítù ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bákan náà ni fún ọrùn, oríkèé ara, tàbí ibi tó bá wọlé jìn. Bó bá jẹ́ awọ ìka lásán, tí ẹ sì ti tẹ ẹ̀gún ìwọ̀ mọ́lẹ̀ nílé, á gba ibi tó gbà wọlé jáde. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa. Kí ẹ tó jáde nílé lọ́jọ́ náà, ẹ yẹ káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò bóyá abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì wọn ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ ò bá dá a mọ̀, ẹ gbé káàdì náà fún nọ́ọ̀sì ní ilé ìlera alábọ́dé tó súnmọ́ yín, wọ́n á sọ fún yín níbẹ̀.